Sálúbàtà Tí Mo Wọ̀ Lọ Ṣe Fàájì

                                        Ilé Pak Jusoh Apẹja,
                                        Kampung Pasir Nyiur,
                                        Tumpat, Kelantan.
                                        Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kejì, ọdún 2025.

Salbiah, ọ̀rẹ́ mi tó sún mọ́ mi ju ọmọ ìyá lọ,

Àlááfíà fún ọ o. Ṣé dáadáa lo wà? Ìyá rẹ àgbà ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀? Àwọn àbúrò rẹ ńkọ́? Ṣé ìrẹsì tútù yẹn ni wọ́n ṣì ń fún yín jẹ ní ilé ẹ̀kọ́ yín, àbí ẹ ti bá wọn jà? Mo mọ̀ pé wọ́n ti gba fóònù gbogbo yín, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó tí mo ń fi báírò kọ̀wé bí ará àtijọ́. Bí o bá rí àṣìkọ, gbójú fò ó. Ìwọ lo ṣì ń kàwé, ẹja ni èmi ń gún lódó fún títà. Gbogbo wa níbí wà láàyè, Alihamudulilai. Mak ní kí n kí ọ, ó ní òun ṣì ni ìyá rẹ kejì. Ológbò wa bímọ sínú àwọ̀n Ayah. Ayah bínú, ó pariwo, ṣùgbọ́n kò lé e. Àwọ̀n mìíràn ló ń lò.

O ní bí mo bá ti Kuala Lumpur dé, kí n ròyìn fàájì òru ìlú ńlá fún ọ, kí n má fi ẹyọ kan pamọ́. Salbiah, inú ló ń bí mi. Bí ẹnikẹ́ni bá ti bi mí ní àdúgbò yìí pé, "Melor, báwo ni ìlú ńlá?" ńṣe ló ń ṣe mí bíi kí n fi ọmọ odó lé e. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún ọ, kí o wá bá mi dá ẹjọ́ rẹ̀.

O mọ̀ pé ìgbéyàwó ẹbí ọkọ Mak Long ló gbé wa lọ, èmi àti Mak Long Esah, ẹ̀gbọ́n Mak. Gbogbo ayé rò pé iná ìlú ni mo fẹ́ lọ wò. Irọ́ ni. Tàbí ká ní ìdajì rẹ̀ ni òótọ́. Ṣé o rántí Abang Ridzuan, ẹ̀gbọ́n mi, àti ọjọ́ tí òun àti Ayah jà, ọmọ àti bàbá? Ayah ní kó yan ọ̀kan, ọkọ̀ ẹja tàbí jìtá. Ó gbé jìtá. Ayah wá dúró lókè àtẹ̀gùn ilé wa, ó ní, "Kí ẹsẹ̀ rẹ má kan àtẹ̀gùn mi mọ́." Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ méjì ti kọjá láti ìgbà náà. Kò wá sílé. Ó pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ ká lọ ni mo rí fídíò kan tí àlejò kan gbé sórí ayélujára: Abang Ridzuan mà ni, ó rù bí igi, ó ń kọrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Bukit Bintang, ní Kuala Lumpur níbẹ̀, àwọn òyìnbó yí i ká, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Mo fi han Mak. Ó wọ ilé ìdáná lọ, ó gbé ẹran kaná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro serunding. Ìwọ náà mọ bí serunding ṣe ń gba odindi ọjọ́: ó ro ẹran àti àgbọn yẹn títí ó fi gbẹ bí òwú. Ó rọ ọ́ sínú ike, ó tẹ̀ ẹ́ sí ìsàlẹ̀ àpò mi. Ó ní, "Fún un. Kí o bi í bóyá yóò wá ṣọdún lọ́dún yìí." Ó tún ní kí n má jẹ́ kí Mak Long gbọ́, torí ẹnu Mak Long kò ní ìlẹ̀kùn. Ohun tó bá wọ etí rẹ̀ láàárọ̀, Ayah yóò ti gbọ́ ọ kó tó di ọ̀sán.

Mo tún ní tèmi tí Mak gan-an kò mọ̀. Ìwọ nìkan ni mo ń sọ ọ́ fún. Mo ti pinnu pé bí mo bá rí Abang Ridzuan, n ó bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n dúró tì í. Ẹja ti sú mi. Mo ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo ń fi òróǹbó fọ̀ ọ́, kì í kúrò ní ìka mi. Mo ti di aṣọ mẹ́ta kún ti ìgbéyàwó nínú àpò yẹn, Mak sì rò pé fàájì ni mo fẹ́ fi ṣe.

Alẹ́ ọjọ́ kan péré la ní. Ọ̀sán Sátidé ni ìgbéyàwó parí ní àdúgbò Kampung Baru, àárọ̀ ọjọ́ kejì sì ni bọ́ọ̀sì wa. Bí a ṣe kírun Àsárì tán ni mo wọ sálúbàtà mi tuntun, funfun, olódòdó wẹ́wẹ́ lórí, tí mo ti fi pamọ́ láti oṣù tó kọjá. Mo ní, "Mak Long, ẹ jẹ́ ká lọ gba atẹ́gùn ní Bukit Bintang."

Ó ní, "Ṣé mo ní a ò ní lọ ni? Ṣùgbọ́n ṣé a óò dé Kampung Baru, ká má yọjú sí ẹbí? Wọn ó ní a ti ń gbéra ga. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré nílé kọ̀ọ̀kan."

Salbiah, ìṣẹ́jú márùn-ún Mak Long!

Nílé àkọ́kọ́, wọ́n ní ká wá mu omi lásán. Omi lásán náà dé pẹ̀lú ìrẹsì, pẹ̀lú ẹran, pẹ̀lú ẹja, pẹ̀lú ìtàn ẹni tó kú àti ẹni tó fẹ́ kú. Nílé kejì, wọ́n gbé abọ́ núdùlù sílẹ̀, wọ́n sì gbé àwòrán ìgbéyàwó ọmọ wọn jáde, Mak Long wo gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń yẹ ìrẹsì wò. Mo ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ó ní, "Ta ló ń tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀?" lójú gbogbo ènìyàn. Bí mo bá sì ní mi ò jẹ mọ́, ó ti máa ń pariwo pé, "Kempunan!" O mọ̀ pé bí ènìyàn ilé wa mìíràn bá gba kempunan gbọ́ díẹ̀, Mak Long gbà á gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ní, "Ẹni tí wọ́n gbé oúnjẹ fún, tó dìde láìtọ́ ọ wò, jàǹbá ti jókòó dè é lọ́nà. Bí o bá ti yó, fi ìka kàn án, fi kan ahọ́n, ó tán." Mo fi ìka kàn án títí ìka mi fi yó.

Bí a ṣe jáde, wọ́n ti ń pe ìrun Mọ̀gàríbì. A kírun. Mo rò pé ó parí. Mak Long ní, "Ó ku Tok Su Kelsom."

Tok Su Kelsom ni àbúrò bàbá Mak tó kéré jù, opó tó ń dá gbé inú ilé pákó àtijọ́ kan láàárín àwọn ilé gíga. Gílóòbù ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ti kú, òkùnkùn ni a fi bọ́ sálúbàtà nídìí àtẹ̀gùn. Bí a ṣe wọlé tí a fẹnu ko ọwọ́ rẹ̀, mo rò pé etí arúgbó náà ti di. Ó ń pariwo. Ojú wa kọ́ ló sì ń wò tó bá ń sọ̀rọ̀, ògiri ẹ̀yìn ilé ló kọjú sí.

"Esah ló dé o! Esah nìkan kọ́ o! Melor ọmọ Jusoh náà wà níbí o!"

Mak Long ní, "Tok Su, a ń gbọ́ yín."

"Ẹ jókòó! Ẹ jókòó dáadáa! Mo se ẹ̀wà olómi àgbọn!" Ó gbé abọ́ wá, ó ń fi ṣíbí bù ú díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń wọn oògùn. Ó tún kọjú sí ògiri. "Jusoh ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń bínú?"

Mak Long ní, "Ta ló ń bínú? Ó ti ń darúgbó. Bó bá di alẹ́, ó máa ń jókòó sórí àtẹ̀gùn, a ò mọ ohun tó ń wò lójú ọ̀nà."

"Ẹ gbọ́ o!" Tok Su fi ṣíbí lu ẹ̀gbẹ́ ìkòkò. "Ó ní ó máa ń jókòó sórí àtẹ̀gùn o!"

Mo wo ojú fèrèsé. Mo rí iná ìlú lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń ṣẹ́jú. Mo ń ro Abang Ridzuan pé ó ti ń kọrin báyìí, pé kó tó di pé a débẹ̀ yóò ti kó jìtá rẹ̀, pé àárọ̀ ọ̀la ni bọ́ọ̀sì, pé kí ni n ó sọ fún Mak. N kò sì lè la ẹnu sọ ọ́ nítorí Mak Long. Tok Su gbé abọ́ tèmi síwájú mi. Ó ní, "Jẹun, ọmọ mi. Jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìkánjú kọ́ la fi ń lá ọbẹ̀ gbígbóná."

Mo ní, "Mi ò jẹ."

Mak Long ní, "Kàn án lẹ́nu lásán, Melor."

Mo ní, "Mi ò kàn án! Mi ò kan nǹkan kan mọ́! Ṣé jíjẹ nìkan la bá wá ni?" Mo dìde, mo jáde. Mo mọ̀ pé kò dára, má wulẹ̀ bá mi wí, Mak ti bá mi wí. Omi ti wà lójú mi. Mo ki ẹsẹ̀ bọ sálúbàtà nínú òkùnkùn, mo dúró sójú ọ̀nà bí òpó iná. Mo ń gbọ́ Tok Su tó ń pariwo nínú ilé pé, "Wọ́n ti ń lọ o! Wọ́n ti ń lọ ná o!" Mo ní lọ́kàn mi pé Ọlọ́run má jẹ́ kí n darúgbó báyìí.

Inú ọkọ̀ ojú irin tí èmi àti Mak Long wọ̀ lọ sí Bukit Bintang ni iná ti tàn sí ẹsẹ̀ mi. Kì í ṣe sálúbàtà mi, Salbiah! Ti ọkùnrin ni, ó dúdú, ó gbòòrò bí ọkọ̀ ojú omi, okùn rẹ̀ kan ti já, wọ́n sì ti fi okùn àwọ̀n aláwọ̀ ewé ta á ní kókó. Mo ti rò pé ẹsẹ̀ mi kàn ń gbọ̀n nínú rẹ̀ nítorí ìbínú.

Mak Long wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. "Kempunan! Mo sọ ọ́, mi ò sọ ọ́? Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ mú!" Lẹ́yìn náà ó sún mọ́ mi. "Ṣùgbọ́n dúró ná. Kí ni sálúbàtà ọkùnrin ń wá lẹ́nu ọ̀nà opó?"

Mo ní n kò mọ̀.

"Tok Su! Ní ọjọ́ orí yẹn!" Ó fi ìbòrí rẹ̀ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì títí a fi sọ̀kalẹ̀. Ó ní bí a bá ń padà lọ sùn, a óò dá a padà, òun á sì wo ojú Tok Su dáadáa.

Bí mo ṣe wọ Bukit Bintang nìyẹn. Bí mo ṣe ń rìn, ó ń ṣe pà-à, pà-à, àwọn ènìyàn ń wo ẹsẹ̀ mi. Àwòrán tó ń rìn lára ògiri ga ju mọ́sálásí wa lọ. Èéfín ẹran sísun gba ojú ọ̀nà, òórùn dúríànì gba ti èéfín. Àwọn obìnrin Lárúbáwá tó wọ dúdú látòkè délẹ̀ ń lá yìnyín olómi wàrà lábẹ́ ìbòjú, ní òdìkejì títì àwọn òyìnbó jókòó ti ọtí bíà, ojú wọn pupa bí edé. Mak Long fi báàgì bo ojú kó má baà rí ọlọ́tí. Àárín ọwọ́ báàgì náà ló sì gbà ń wò wọ́n. Òyìnbó kan ní kí ó jọ̀ọ́ kí àwọn yàwòrán pẹ̀lú rẹ̀ torí aṣọ rẹ̀ olódòdó. Ó ya mẹ́ta. Ó ní kí wọ́n tún un yà, òun dijú.

Mo ń fà á lọ́wọ́, mo ń wá orin. Àwọn olórin wà ní orígun kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a dé ibi tí mo rí nínú fídíò, lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà ibùdókọ̀ ojú irin, mo na ọrùn wò. Àwọn ọkùnrin méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ń fọn fèrè, ọ̀kan jókòó lórí àpótí pákó tó ń fọwọ́ lù. Láàárín wọn, ìjókòó kan ṣófo.

Mak Long jókòó sí etí títì, ó bọ́ bàtà, ó béèrè bóyá wọ́n mọ orin kan tí wọ́n ń kọ nígbà tí òun wà ní ọmọge. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Kí n tó ṣẹ́jú, Mak Long ti dìde, ó ti gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ń kọrin! Àwọn ènìyàn ń ṣù jọ, wọ́n ń gbé fóònù sókè. Ohùn rẹ̀ dùn ṣá, n kò lè parọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ rò ó wò: èmi tí mo fẹ́ fàájì dúró bí ewúrẹ́ tí wọ́n so, ẹni tó ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré ló ń gba àtẹ́wọ́.

Mo tẹ̀ sún mọ́ ẹni tó ń lu àpótí. Orúkọ rẹ̀ ni Apai. Mo ní, "Abang, ẹ jọ̀ọ́, Ridzuan ńkọ́?"

Ó ń lu àpótí lọ. "Ìwọ náà ti rí fídíò yẹn?"

"Àbúrò rẹ̀ ni mí."

"Gbogbo wọn ló ń ní àbúrò rẹ̀ ni àwọn."

"Ọmọ Pak Jusoh ni mí. Láti Tumpat."

Ó wo ojú mi dáadáa, àpótí dákẹ́ díẹ̀. "Háà. Imú yín jọra. Kò wá lónìí. Ó pè mí pé olè jí sálúbàtà òun lẹ́nu ọ̀nà." Ó pòṣé. "Ṣé o ti gbọ́ irú irọ́ bẹ́ẹ̀ rí? Ọkùnrin odindi kò wá síbi iṣẹ́ nítorí sálúbàtà! Olè wo ló ń jí sálúbàtà tó já?"

Mo wo ilẹ̀.

Salbiah, mo wo kókó yẹn. Kókó Ayah ni. Èyí tó máa ń yí lẹ́ẹ̀mejì kó tó fà á wọlé, tó kọ́ àwa méjèèjì létí òkun nígbà tí a wà ní kékeré. Abang Ridzuan kò mọ̀ ọ́n ta dáadáa rí. Òsì ló máa ń yí i sí, Ayah a sì máa gbá a lórí pé ọ̀tún, ọ̀tún. Èyí tó wà lẹ́sẹ̀ mi, òsì ni wọ́n yí i sí.

Ẹ̀yìn ògiri ló wà! Òun ni Tok Su ń pariwo sí! Ó gbọ́ ohùn Mak Long, ó sá pamọ́ kí ọ̀rọ̀ má baà dé etí Ayah. Arúgbó náà sì ń bu ẹ̀wà díẹ̀díẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ lè le kó jáde. Èmi ni mo wá fa ìbínú mi yọ, tí mo dìde kúrò níwájú ẹni tí mo ń wá, tí mo tún jí sálúbàtà rẹ̀ lọ.

Mo sáré bá Mak Long. Kò sí bí n kò ṣe ní sọ fún un mọ́. Mo sọ ọ́ sí i létí. Ṣé o mọ̀ pé mo ti ní ẹnu rẹ̀ kò ní ìlẹ̀kùn? Mo gbàgbé pé ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣì wà lẹ́nu náà.

"RIDZUAN WÀ NÍLÉ TOK SU?"

Gbogbo Bukit Bintang gbọ́. Àwọn òyìnbó pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ara orin ni.

Nígbà tí a padà dé Kampung Baru, Abang Ridzuan ló jókòó sórí àtẹ̀gùn láìsí bàtà lẹ́sẹ̀, ó gbé jìtá lé itan, sálúbàtà mi funfun olódòdó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ó ní, "Olè dé."

Mo ní, "Ẹ̀yin ni olè! Ta ló sá sẹ́yìn ògiri bí eku?"

Mak Long ló dojú kọ. Ó na ọwọ́ pé kí òun fẹnu ko tirẹ̀, Mak Long fi báàgì là á léjìká lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà ló dì mọ́ ọn, ó bú sẹ́kún. Tok Su yọ sẹ́nu ọ̀nà, ohùn rẹ̀ ti há. Ó ní, "Mo pariwo títí ọ̀fun mi fi bó. Ọ̀kan ń sá, ọ̀kan ń kánjú. Ẹ wọlé, ẹ̀wà ti tutù."

Mo gbé ike Mak jáde. Abang Ridzuan ṣí i. Ó fi ìka kan kàn án, ó fi kan ahọ́n, bí Mak Long ṣe máa ń sọ. Ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ pẹ̀lú ìka lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ó jókòó sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú lọ́wọ́ lọ́wọ́, kò wò wá, kò béèrè ìrẹsì.

Mo ní, "Mak ní kí n bi yín bóyá ẹ ó wá ṣọdún."

"O wà níbẹ̀ nígbà tí Ayah sọ̀rọ̀. Ó ní kí ẹsẹ̀ mi má kan àtẹ̀gùn òun."

Mak Long ní, "Ọwọ́ òsì la fi ń bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra."

"Mo rí ti òsì, Mak Long. N kò tíì rí ti ọ̀tún."

Nígbà tí àwọn àgbà wọ ilé ìdáná, mo sọ tèmi. Mo ní kó jẹ́ kí n dúró. Ó mú mi lọ wo yàrá ẹ̀yìn ògiri náà. Ẹní kan, àpò ìrẹsì Tok Su, àti ìṣó tó fi aṣọ kọ́. Ó ní, "Àwọn tí o rí tí wọ́n ń gbádùn òru níbẹ̀, àwọn tó ní ilé tí wọ́n máa padà sí ni. Èmi ni wọ́n ń gbọ́. Èmi kọ́ ló ń gbádùn." Ó tún ní, "Bí ìwọ náà bá kúrò, ta ni yóò wà pẹ̀lú Mak?"

Mo ní, "Ẹ̀yin tí ẹ kọ́kọ́ kúrò, ẹ̀yin lẹ ń bi mí ní ìyẹn?"

Mo rò pé yóò bínú. Ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé sálúbàtà rẹ̀ tó já, ó fi etí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nu eruku rẹ̀, ó kó o sínú ọ̀rá, ó nà án sí mi.

"Gbé e lọ. Gbé e sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ilé. Ẹsẹ̀ mi ni Ayah sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ sálúbàtà."

"Kí lẹ wá máa wọ̀?"

"Ẹsẹ̀ Apai tó tèmi."

Mo padà síbi abọ́ ẹ̀wà mi. Ó ti tutù, ó ti dì. Mo jẹ gbogbo rẹ̀.

Bí a ṣe délé, mo ṣe bó ṣe wí. Nígbà tí Ayah ti òkun dé, ó rí i. Ó dúró. Ó wo sálúbàtà, ó wò mí, ó wo Mak, ó yí i ká, ó gun òkè lọ. Kò béèrè. Àwa náà kò sọ. Mak Long pàápàá di ẹnu mú, mo rò pé yóò bẹ́. Mak ń gbálẹ̀ yí i ká. Òjò rọ̀, mo fẹ́ gbé e wọlé, Mak mi orí fún mi. Sálúbàtà náà wà níbẹ̀, omi kún inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Ayah ń kọ ẹ̀yìn sí i láràárọ̀. Ó sú mi! Ọkùnrin méjì, ọ̀kan ń fi bàtà ránṣẹ́, ọ̀kan ń fi ẹ̀yìn dáhùn, èmi ni mo ń gún ẹja.

Ní àná, ní ìrọ̀lẹ́, mo jáde láti da omi nù. Ayah ló jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó gbé sálúbàtà kan lé orúnkún, abẹ́rẹ́ àwọ̀n wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ti fi ọ̀bẹ gé kókó yẹn kúrò.

Ó ní, "Òsì ló tún yí i sí." Kò wò mí. "Ẹnu mi bó lórí ọ̀tún. Òsì ló tún yí i sí."

Ó fi okùn tuntun ta á, ó yí i lẹ́ẹ̀mejì sí ọ̀tún, ó fi eyín fà á le. Èmi òmùgọ̀ wá la ẹnu. Mo ní, "Ayah, ṣé kí n lọ fi ránṣẹ́ sí Kuala Lumpur láti ilé ìfìwéránṣẹ́?"

Ó wò mí bí ẹni tó rí ẹja tó ń fọhùn. "Fi kí ni ránṣẹ́? Ṣé wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni? Kó wá wọ̀ ọ́ níbí."

Ó dìde, ó gbé méjèèjì lọ́wọ́, ó gun òkè. Kò gbé e sí ìsàlẹ̀ mọ́, Salbiah. Lókè pátápátá, lẹ́nu ilẹ̀kùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, níbẹ̀ ló tò ó sí.

Mo ti ránṣẹ́ sí Apai, ẹni tí mo gba nọ́ńbà rẹ̀ ní Bukit Bintang, ní alẹ́ àná, pé kó sọ fún Abang Ridzuan. A ò tíì gbọ́ èsì. Láti àárọ̀ ni Mak ti ń jáde wò ó lẹ́nu ilẹ̀kùn bóyá ó ṣì wà níbẹ̀, bí ẹni pé ó lè dá rìn lọ. Fàájì òru tèmi nìyẹn. Bí o bá tún bi mí bóyá mo gbádùn, n ó gbàgbé pé ọ̀rẹ́ ni wá.

Bá mi kí ìyá rẹ àgbà, kí wọ́n fi oyin sí omi gbígbóná fún ikọ́ náà. Kí àwọn àbúrò rẹ. Bí o bá ń ṣe àdúà lẹ́yìn ìrun, fi ilé wa kún un, má dárúkọ ẹnikẹ́ni, Ọlọ́run mọ ẹni tó yẹ kó gun àtẹ̀gùn.

Èmi tìrẹ tí òórùn ẹja kò tíì fi sílẹ̀,

Melor.